Bí A Ṣe Ń Fi Katakata Kékeré Ṣe Koríko Gbígbẹ Fún Ẹran Ọ̀sìn: Láti Orí Gígé Dé Orí Kíkó Pamọ́

Ẹ gé 1,000 kílò koríko tútù tí 80% ara ẹ̀ jẹ́ omi, ẹ sá a títí omi inú ẹ̀ fi wálẹ̀ sí 15%, ohun tó máa kù lọ́wọ́ yín ò ju bíi 235 kílò lọ. Ìyókù, bíi 765 kílò, omi ni, oòrùn àti atẹ́gùn ló sì máa fà á jáde, kò sí katakata tó lè bá yín ṣe ìyẹn. Mo fi èyí ṣáájú torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọnú iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wá kiri, wọ́n á ti ra bélà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń di koríko, kí wọ́n tó mọ bí koríko tó gbẹ ṣe máa ń rí lọ́wọ́. Ẹni tó ní katakata 100 hp (hp ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì) lè gé pápá ńlá kó sì dì í tán kí òjò tó ṣú, àwa tí tiwa wà láàárín 20 sí 40 hp ò lè bá òjò sáré, ohun tá a lè ṣe ni ká gé ìwọ̀nba tá a máa lè dì ká sì kó wọlé tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò iye tẹ́ ẹ fẹ́

Ẹran tó ń jẹ koríko máa ń jẹ tó 2% sí 3% ìwọ̀n ara ẹ̀ lójúmọ́, tó bá jẹ́ koríko gbígbẹ là ń sọ. Màlúù tó wọn 400 kílò á jẹ bíi 10 kílò, ewúrẹ́ tó wọn 40 kílò á jẹ bíi kílò kan àti díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ewúrẹ́ 10 lẹ ní, pé ìgbà tí koríko tútù ò ní sí nílẹ̀ jẹ́ 120 ọjọ́. 1.2 kílò lọ́nà 10, lọ́nà 120, 1,440 kílò nìyẹn. Ẹ tún fi bí ìdá kan nínú márùn-ún lé e, torí ẹran á fà á sílẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, á tọ̀ sí i, ewúrẹ́ ló tiẹ̀ burú jù, tí nǹkan bá ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ kò tún fẹ́ rí i mọ́. Ó ti di bíi 1,700 kílò, ìyẹn 100 ìdì kéékèèké tó wọn 17 kílò.

Ilẹ̀ koríko tí kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́ràá náà lè mú bíi tọ́ọ̀nù 2 koríko gbígbẹ jáde lórí hẹ́kítà kan ní gígé ẹ̀ẹ̀kan, èyí tó rí ajílẹ̀ àti omi dáadáa á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé ewúrẹ́ 10 yẹn ò tó ohun tó ń gba hẹ́kítà kan lọ́wọ́ yín. Ìṣirò yìí ló máa sọ ẹ̀rọ tó yẹ kẹ́ ẹ rà.

Katakata àti àwọn ohun tó ń fà

Iye hp tí wọ́n kọ sára katakata, ti ẹ́ńjìnnì ni. Èyí tó ń dé PTO, irin tó ń yí lẹ́yìn katakata tó ń gbé agbára fún ẹ̀rọ tẹ́ ẹ so mọ́ ọn, kì í tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà hp ti PTO ni kẹ́ ẹ máa bèèrè tí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan. Ìwúwo katakata náà ṣe pàtàkì o, bóyá ju agbára lọ pàápàá, torí katakata kékeré lè ní agbára tó máa yí bélà dáadáa àmọ́ kí bélà tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ máa tì í látẹ̀yìn tó bá ń sọ̀kalẹ̀ níbi tó dà gẹ̀rẹ́. Tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ tó wúwo sẹ́yìn, ẹ fi irin ìwúwo síwájú, kí táyà iwájú má fò, torí táyà iwájú tí kò bá fọwọ́ kan ilẹ̀ dáadáa ò ṣe é fi darí.

Fún gígé, oríṣi móówà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gé koríko, mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní abẹ gígùn tó léyín bí ayùn, tó ń lọ síwá-sẹ́yìn. Ó fúyẹ́, katakata tí kò ju 15 sí 20 hp lọ lè lò ó, ibi tó gé máa ń mọ́ rekete, wàhálà ẹ̀ ni pé koríko tó ti wó tàbí tó dì gan-an máa ń há a lẹ́yín, ẹ ó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ yọ ọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa pọ́n abẹ náà léraléra. Ìkejì ni móówà onílù, ó ní ìlù méjì tó ń yí sí ara wọn tí abẹ wà nísàlẹ̀ wọn, ó wúwo, ó fẹ́ bíi 25 hp sókè, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́, kò sì bẹ̀rù koríko tó dì. Ẹ̀kẹta ni móówà alábọ́ tí abọ́ irin kéékèèké tò sórí ọ̀pá kan, òun ló yára jù, òun náà ló wọ́n jù, èyí tó fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀ á fẹ́ bíi 30 hp. Tí ẹ bá bi mí, onílù ni màá ní kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rà tí katakata ẹ̀ bá lè gbé e. Sílásà tí wọ́n fi ń ro igbó, ẹ má fi ṣe é, ó máa ń já koríko sí wẹ́wẹ́, ó sì máa ń kó o jọ sójú kan, ìdajì nínú wẹ́wẹ́ yẹn réèkì, ẹ̀rọ tó ń kó koríko jọ sí ìlà, ò ní lè kó o.

Réèkì tó ní wíìlì onírin tẹ́ẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé ilẹ̀ tó ń tẹ̀ ló ń yí i, kò fẹ́ PTO rárá, katakata tó kéré jù á fà á. Tẹ́dà, ẹ̀rọ tó ń tú koríko ká kí atẹ́gùn lè wọ inú ẹ̀, dáa tí ẹ bá rí i, àmọ́ ẹni tí ilẹ̀ ẹ̀ ò tó ìdajì hẹ́kítà lè fi àmúga onígi ṣe é.

Bélà wá ńkọ́? Èyí tó ń di ìdì onígun mẹ́rin kéékèèké máa ń fẹ́ bíi 30 sí 35 hp lórí PTO kó tó lè ṣiṣẹ́ láìfipá mú katakata. Èyí kékeré tó ń di ìdì róbótó tí èèyàn kan lè gbé, bíi 20 hp ló fẹ́, ìdì ẹ̀ máa ń wọn bíi 18 sí 30 kílò. Tí kò bá sí èyíkéyìí, àpótí onípákó wà, màá sọ̀rọ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ ra móówà àti réèkì ná, kẹ́ ẹ fi àpótí di ti ọdún àkọ́kọ́, ní ọdún kejì ẹ ó ti mọ̀ bóyá bélà yẹ yín.

Tí katakata yín bá jẹ́ ti àtijọ́ tí PTO ẹ̀ ò dá dúró lọ́tọ̀ sí jíà, ẹ ṣọ́ra. Tí ẹ bá tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, ìwúwo ohun tó ń yí nínú móówà tàbí bélà á ṣì máa ti katakata lọ síwájú, èèyàn lè bá ara ẹ̀ nínú wáyà ọgbà. Kókó irin kan wà tí wọ́n ń fi sẹ́nu PTO tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ẹ̀yìn máa yí lọ láìti katakata, kò wọ́n rárá, ẹ rà á.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ewu PTO tán síbí kí n má gbàgbé. 540 ìgbà ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà mẹ́sàn-án láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bá fa etí agbádá tàbí okùn bàtà, kí èèyàn tó pariwo ó ti wé apá mọ́ ọn. Kí ike tó bò ó wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, aṣọ tó fún mọ́ra ni kẹ́ ẹ wọ̀, nígbà tí nǹkan bá sì há ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ dúró kí gbogbo ohun tó ń yí dúró tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Abẹ móówà onílù àti alábọ́ máa ń yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa PTO.

Pápá fúnra ẹ̀

Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín kí koríko tó ga. Òkúta, ìgò, wáyà, irin àtijọ́, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣà kúrò, torí òkúta tí abẹ móówà bá gbá lè fò lọ jìnnà gan-an, kò sì gbọ́dọ̀ sí èèyàn tó dúró nítòsí nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé. Wáyà tó bá wọ inú ìdì tún burú ju òkúta lọ, màlúù kì í yan oúnjẹ, ó máa gbé e mì, ó sì lè gún un nínú. Òkìtì àti kòtò, ẹ tẹ́ wọn tàbí kẹ́ ẹ ri igi tó ga mọ́ ibẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí i.

Àwọn igbó tó ní májèlé náà, inú oko ni ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti fà wọ́n tu. Ẹran tó ń jẹko fúnra ẹ̀ máa ń fi ewé tó korò sílẹ̀, àmọ́ tí ewé yẹn bá gbẹ mọ́ inú ìdì òórùn àti ìkorò ẹ̀ á dínkù, á jẹ ẹ́.

Ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ gé e

Ibí yìí ni oúnjẹ inú koríko ti ń sọnù jù, àwọn èèyàn sì máa ń rò pé àwọn ń jèrè. Bí koríko ṣe ń dàgbà ló ń pọ̀ sí i lójú, àmọ́ igi ara ẹ̀ ń le, pùrótéènì ń lọ sílẹ̀, ẹran á jẹ ẹ́ yó kò sì ní sanra. Nígbà tí orí koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ jáde láti inú ewé, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ìgbà yẹn gan-an ni. Tí irúgbìn bá ti gbó lórí ẹ̀, pòròpórò lẹ fẹ́ gé yẹn. Àwọn ewéko ìran ẹ̀wà bí alfalfa àti clover, nígbà tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bíi ọ̀kan nínú igi mẹ́wàá tí òdòdó ti là lórí ẹ̀, ẹ gé e.

Ohun tó máa ń dojú ọ̀rọ̀ rú ni pé ìgbà tí koríko dùn jù yẹn lè jẹ́ ìgbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Kí lẹ ó wá ṣe? Èmi ò rí ìdí tó fi yẹ kéèyàn gé koríko tó dáa sínú òjò. Koríko tó fi ọ̀sẹ̀ méjì dàgbà jù tó sì gbẹ dáadáa sàn ju èyí tó wà ní ìwọ̀n tó dára jù tó wá hu èbu. Ìyẹn náà ló jẹ́ kó dáa kéèyàn pín pápá ẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó máa gé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú koríko pẹ́, tí òjò wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, pàápàá koríko ìran ọkà bàbà tí wọ́n fi ajílẹ̀ oní nitrogen sí, ẹ má gé e lójú ẹsẹ̀, torí nitrate, tó ń di májèlé fún ẹran tó bá pọ̀ jù, máa ń kó jọ sí ìsàlẹ̀ igi ẹ̀, gbígbẹ ò sì lè mú nitrate kúrò. Ẹ ní sùúrù bíi ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó dàgbà díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì gé e sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ gígé

Ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, ẹ ń wá ọjọ́ mẹ́ta tí òjò ò ní rọ̀ léra wọn, mẹ́rin tó bá jẹ́ koríko tó nípọn. Ẹ má wo òjò nìkan, ẹ wo ọ̀rinrin inú atẹ́gùn náà, torí ọjọ́ tí oòrùn ràn tí ọ̀rinrin pọ̀ tí atẹ́gùn ò fẹ́, koríko á kàn máa sùn síbẹ̀ ni. Ọjọ́ tí kò gbóná púpọ̀ tí atẹ́gùn gbígbẹ ń fẹ́ máa ń gbẹ koríko yára ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ gé e láàárọ̀ nígbà tí ìrì bá ti gbẹ lórí ẹ̀. Àwọn kan máa ń fẹ́ ọ̀sán torí ṣúgà inú koríko máa ń pọ̀ sí i títí di ìrọ̀lẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ níbi tí òjò ò ti ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, wákàtí oòrùn tẹ́ ẹ jèrè láàárọ̀ ju ṣúgà yẹn lọ.

Bíi 7 sí 10 sẹ̀ǹtímítà ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Kùkùté yẹn ló máa gbé koríko tẹ́ ẹ gé sókè kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, òun náà ni koríko máa fi hù padà, tẹ́ ẹ bá sì gé e mọ́lẹ̀ jù móówà á máa wọ́ iyẹ̀pẹ̀ wọ inú oúnjẹ ẹran. Kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín pápá jáde síta, tàbí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, kí àwọn ẹran kéékèèké àti ẹyẹ tó wà nínú koríko lè ríbi sá lọ, torí òkú ẹran tó bá wọ inú ìdì lè fa májèlé tó ń pa màlúù àti ẹṣin.

Móówà tó fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀, tó ń lọ ní kìlómítà 5 láàárín wákàtí kan, lórí ìwé á gé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin hẹ́kítà ní wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá yọ ìgbà tẹ́ ẹ ń yí padà àti ìgbà tẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀, ìdajì hẹ́kítà ni. Gígé kì í sábà dá èèyàn dúró, dídì àti kíkó ló ń dáni dúró, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí gígé tó yá tàn yín jẹ.

Níbi tó dà gẹ̀rẹ́, ẹ máa gùn ún tààrà kẹ́ ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ẹ má dá a ní ìbú. Kí irin tó ń dáàbò bo awakọ̀ tí katakata bá yí dànù wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì de bẹ́líìtì.

Títú u ká

Koríko tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ṣì ń mí, ó ń jẹ ṣúgà ara ẹ̀ títí omi inú ẹ̀ á fi wálẹ̀ sí bíi 40%, nítorí náà wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ tẹ́ ẹ kó fẹ̀, kó bo bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ tẹ́ ẹ gé, ẹ má fi í sílẹ̀ ní ìlà tóóró tí móówà kó jọ. Ìsàlẹ̀ ìlà tóóró á tutù títí di ọjọ́ kejì nígbà tí òkè ẹ̀ ti ń jó gbẹ.

Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn gígé, ẹ tú u ká ní ìgbà àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tún tú u ní àárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí ìrì ti gbẹ. Koríko lásán lè gba títú dáadáa. Alfalfa àti clover ni kò gbà á, ewé wọn tètè ń gbẹ ju igi wọn lọ, tẹ́ ẹ bá gbá a mọ́lẹ̀ nígbà tó ti gbẹ ewé á já dànù sórí ilẹ̀, inú ewé yẹn sì ni pùrótéènì pọ̀ sí, ẹ ó wá kó igi lásán wọlé. Irú àwọn yẹn, ìgbà tó ṣì rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ tú u.

Kíkó o jọ sí ìlà

Nígbà tí omi inú ẹ̀ bá ti wà ní bíi 30% sí 40%, ẹ fi réèkì kó o jọ sí ìlà, tó bá jẹ́ ìran ẹ̀wà, ẹ ṣe é láàárọ̀ tí ìrì díẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀ kí ewé má já. Eyín réèkì gbọ́dọ̀ kan koríko, kó má kan ilẹ̀. Mo ti rí réèkì tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ àtijọ́ ló ń kó. Ìlà yẹn kó dọ́gba, kó fẹ̀ tó ẹnu bélà, torí ìlà tó nípọn níbìkan tó fẹ́lẹ́ níbòmíì á mú ìdì tó wọ́ jáde.

Ṣé ó ti gbẹ?

Tẹ́ ẹ bá mọ ibí yìí dáadáa, ẹ ti mọ iṣẹ́ náà. Ìdì kéékèèké fẹ́ kí omi inú ẹ̀ má ju 15% sí 18% lọ. Tó bá ju 20% lọ á hu èbu, tàbí kó gbóná.

Ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀ ìlà, kì í ṣe orí ẹ̀, kẹ́ ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Tó bá rọ̀ tó ń tẹ̀ láìdá, kò tíì tó. Tó bá ń dún gbárígbárí tí díẹ̀ nínú ẹ̀ ń dá, ó ti súnmọ́. Ẹ wá mú igi tó nípọn jù nínú ẹ̀, ẹ fi èékánná ha ara ẹ̀, tí awọ ẹ̀ bá bó, omi ṣì wà níbẹ̀. Oríkèé ara koríko ló máa ń gbẹ kẹ́yìn, ẹ fi eyín tẹ̀ ẹ́, tó bá rọ̀ ẹ dúró.

Ẹ̀kejì, ẹ gé koríko sí kékeré sínú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí, ẹ da ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan sí i, kẹ́ ẹ dé e, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Tí iyọ̀ yẹn bá ń ṣàn lásán bó ṣe wà, ẹ lè dì í. Tó bá lẹ̀ mọ́ra tó di kókó, omi ti pọ̀.

Èyí tó dájú jù fẹ́ máíkíróweefù àti òṣùwọ̀n kékeré. Ẹ wọn gíráàmù 100 koríko tẹ́ ẹ ti gé wẹ́wẹ́, ẹ gbé e sínú ẹ̀ pẹ̀lú ife omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí koríko má gbiná, ẹ mú un gbóná fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún máa dá a padà fún ìṣẹ́jú àáyá 30 títí ìwọ̀n ẹ̀ ò fi yí padà mọ́. Tó bá kù sí gíráàmù 84, omi inú ẹ̀ jẹ́ 16% nìyẹn. Òórùn koríko á gba ilé kan, ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín tẹ́lẹ̀.

Dídì

Pẹ̀lú bélà, PTO dúró sí 540, ẹ má fi ẹsẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì sókè sílẹ̀, jíà ni kẹ́ ẹ fi dín eré kù. Tí ìdì àkọ́kọ́ bá jáde ẹ gbé e: tó bá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ fún ìwọ̀n ẹ̀, ó lè jẹ́ omi, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín ẹ̀. Tó bá tú ká nígbà tẹ́ ẹ gbé e, ẹ fún skúrù tó ń dí ẹnu ibi tó ń gbà jáde le díẹ̀díẹ̀. Okùn tó kọ̀ tí kò ta kókó ni yóò yọ yín lẹ́nu jù, ìdọ̀tí àti okùn tí kì í ṣe irú tí bélà yẹn fẹ́ ló sábà máa ń fà á.

Bóòtì kan wà lára wíìlì ńlá bélà tí wọ́n dìídì ṣe kó máa já tí nǹkan bá há, kí inú ẹ̀rọ má bàa fọ́. Ẹ ra bíi mẹ́wàá sílẹ̀, irú ẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá fi bóòtì tó le jù rọ́pò ẹ̀ torí pé ó ti sú u láti máa pààrọ̀, jíà bélà ló máa lọ fọ́.

Èérún koríko máa ń bo ojú rédíétọ̀ katakata, ẹ́ńjìnnì á gbóná, ó sì máa ń kó jọ sídìí sàlẹ́ńsà tó gbóná, iná nìyẹn. Ẹ máa dúró gbá a kúrò, kí ohun ìpaná sì wà lórí katakata.

Àpótí onípákó wá: ẹ kan àpótí tí òkè àti iwájú ẹ̀ ṣí sílẹ̀, bíi 36 sẹ̀ǹtímítà lọ́nà 46, kó ga tó 90, kẹ́ ẹ lè fi pákó tó ṣe é yọ dí iwájú ẹ̀. Ẹ tẹ́ okùn méjì sínú ẹ̀ kí orí wọn yọ síta, kẹ́ ẹ da koríko sí i, kẹ́ ẹ wọnú ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tún da òmíràn sí i, títí á fi kún, kẹ́ ẹ so okùn yẹn le, kẹ́ ẹ sì yọ pákó iwájú. Èèyàn méjì tó mọ́ lára á ṣe bẹ́ẹ̀ lọ láìdúró, ìdì ẹ̀ kì í tó ti bélà lágbára àmọ́ ó ṣe é tò.

Tí òjò bá wá bá yín

Tó bá rọ̀ sórí koríko tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ẹ má fòyà, ohun tó bà jẹ́ kéré. Èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tí òjò wá pa ló ń sun èèyàn lẹ́kún, torí omi á fọ ṣúgà inú ẹ̀ lọ. Ẹ dúró kí òkè gbẹ, kẹ́ ẹ tú u ká lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má dì í torí ìbínú. Èyí tó bá dúdú tó ń rùn èbu, ẹ fi bo ìdí irúgbìn lóko.

Ibi ìpamọ́ àti ọ̀rọ̀ iná

Òrùlé tí kò jò, pákó tàbí igi lábẹ́ ìdì kó má fọwọ́ kan ilẹ̀, àlàfo láàárín ẹ̀ àti ògiri. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ koríko á ṣì máa làágùn, ìyẹn ni pé omi tó kù nínú ẹ̀ á máa jáde, nítorí náà ẹ má tò ó gan-in-gan-in, ẹ má fi tapólì bò ó pa. Katakata àti epo dísẹ́ẹ̀lì, ibòmíì ni kí wọ́n sùn.

Ìdì tó tutù á gbóná fúnra ẹ̀, èbu àti kòkòrò àìfojúrí inú ẹ̀ ló ń ṣe é, tó bá sì gbóná tó, á gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ máa ki irin gígùn bọ àárín ìdì tẹ́ ẹ tò, ẹ fi í síbẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ fà á yọ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, tí kò bá ṣe é dì mú, ó ti gbóná jù. Tẹ́ ẹ bá ní tẹmómítà gígùn, ìsàlẹ̀ 50°C kò léwu, tó bá di 65°C ẹ máa wò ó lójoojúmọ́, 70°C ẹ máa wò ó ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, tó bá ti di 80°C ẹ pe panápaná, kẹ́ ẹ sì má fa ìdì kankan yọ kí wọ́n tó dé, torí atẹ́gùn tó bá wọ inú ẹ̀ lójijì ló máa sọ ọ́ di iná. Ẹ má gun orí ẹ̀ pẹ̀lú, inú ẹ̀ lè ti jó di ihò tí òkè ṣì dúró.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ́ ẹran

Ẹ dúró bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí koríko làágùn tán. Nígbà tẹ́ ẹ bá tú ìdì, ẹ gbóòórùn ẹ̀: koríko tó dáa máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀ àti òórùn dídùn. Tí eruku funfun bá fò jáde, èbu ni, ẹ má fún ẹṣin rárá, ẹ má sì fi fún ẹran tó lóyún. Ẹ̀yin náà, ẹ fi nǹkan bo imú, eruku èbu yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró èèyàn jẹ́. Okùn tẹ́ ẹ tú, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sápò lójú ẹsẹ̀, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Inú ọpọ́n oúnjẹ tó ga díẹ̀ tí ẹran ò lè wọ̀ ni kẹ́ ẹ máa kó koríko sí, kẹ́ ẹ máa kó èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì jáde kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì máa kọ iye ìdì tẹ́ ẹ ń lò lọ́sẹ̀ sílẹ̀ sára ògiri ṣẹ́ẹ̀dì, òun lẹ máa fi ṣírò ti ọdún tó ń bọ̀.